Hard drive wo lẹ fi ń tọ́jú fídíò àti orin ilé yín?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ń sọ kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi di fáìlì: àpàlà, sákárà, ewì, fídíò ìkómọ, títí dórí ìsìnkú ìyá àgbà. Kọ̀ǹpútà ti kún dẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nírú ẹrù yìí nílé, kí lẹ rà, kí lojú yín sì rí?

Ìyá Ìbejì: Ra hard drive 2TB (2,000GB). Ó tán.

Adé Fídíò: Ó tán kẹ̀? Ẹnì kan ta flash 2TB fún mi lówó tí ò tó ra 128GB gidi. Mo kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó kọ 2TB gàdàgbà. Mo bá ń da fídíò sí i, kò janpata. Àfìgbà tí àwọn àna mi dé, tí wọ́n fẹ́ wo ìgbéyàwó wa. Orúkọ fáìlì pé pérépéré. A tẹ̀ ẹ́, dúdú. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé nìkan ló ń ṣí.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì: Wọ́n ti gbá ẹ nìyẹn. Wọ́n máa ń kọ́ flash kékeré láti parọ́ iye àyè tó wà nínú ẹ̀. Tó bá kún, á ṣì máa gbà á, kò kàn ní í tọ́jú ẹ̀ ni. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw ni kẹ́ ẹ fi máa dán an wò: á kọ nǹkan kún un dẹ́nu, á wá kà á padà. Ó ń pẹ́ o, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú lórí iná.

Ìyá Ìbejì: Iná èwo, bàbá?

Sùúrù Lérè: Èmi náà ra 1TB, 931GB ló gbé jáde. Olè ni gbogbo wọn.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì: Ìyẹn kì í ṣolè. Ẹni tó ṣe é ń fi 1,000 ka tiẹ̀ (1,000GB ni 1TB), Windows ń fi 1,024 ka.

Sùúrù Lérè: Owó 1TB ni mo san o, mi ò san owó 931.

Tóòkẹ́: Kí lẹ tiẹ̀ ń tọ́jú fídíò fún? Gbogbo ẹ̀ wà lórí YouTube.

Adé Fídíò: Ìsìnkú ìyá àgbà wà lórí YouTube?

Tóòkẹ́: 😂 Mo gbà.

Màmá Ayọ̀: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ra èyí kékeré tó ń gba iná lára kọ̀ǹpútà. Ńlá tó ní ádápítọ̀ tiẹ̀ ni tèmi, tí wọ́n bá múná lọ nígbà tí mo ń kó fáìlì, ó kú fin-ín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bátìrì laptop ṣì ń bẹ. Ojú USB tó ní búlúù nínú ni kó o ki wáyà ẹ̀ bọ̀, ìyẹn ló yá. Tó o bá fẹ́ fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó máa gbà to fáìlì sínú, má fi FAT32 ṣe é, kò gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ. exFAT ni, tí tẹlifíṣọ̀n yín bá lè kà á.

Kọ́lá: SSD ńkọ́, oríṣi tó ń fi chip tọ́jú fáìlì? Ọmọ mi fa wáyà hard drive mi, ó já bọ́ látorí tẹlifíṣọ̀n, ó ń dún ká-ká-ká títí dòní.

Màmá Ayọ̀: SSD ò ní nǹkan tó ń yí nínú, kì í tètè bà jẹ́ tó bá já bọ́. Ó tún yára. Ṣùgbọ́n wo owó ẹ̀ ná. Fíìmù wíwò lásán ò nílò eré tó tó yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣé mà. Kékeré ni màá rà.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì: Méjì ni kó o rà. Gbé ọ̀kan sọ́dọ̀ àbúrò ẹ, tí èyí bá bà jẹ́, tọ̀hún á ṣì wà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àbúrò mi? Á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, á kó bọ́ọ̀lù sí i.

Sùúrù Lérè: 931 ṣì ń dùn mí o.