Àwa tá a padà sídìí tẹ́nìsì orí tábìlì: irú bátì wo lẹ rà?

Ará Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé bátì jù sílẹ̀ látìgbà tá a ṣì ń ka ayò dé 21, tó wá padà sídìí rẹ̀ báyìí, kó wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Èmi ni n ó ṣíde. Mo gbá a dáadáa nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kí iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni dókítà ní kí n máa fara ṣiṣẹ́, orúnkún mi ò sì gba eré sísá mọ́.

Kì í ṣe bátì ló kọ́kọ́ rú mi lójú, bọ́ọ̀lù ni. Mìlímítà 38 ni èyí tá a fi dàgbà. Lọ́dún 2000, lẹ́yìn ìdíje Olympics ti Sydney, wọ́n sọ ọ́ di 40. Nígbà tó di 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike ṣe é dípò celluloid, ìyẹn èyí tó máa ń gbiná wàì. (Ta ni ò fi èyí tó ti fọ́ dáná ṣeré rí nínú wa?) Wọ́n ń kọ 40+ sára ti òde òní, torí ó tún fi díẹ̀ tóbi ju 40 lọ. Kì í yára bíi ti tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì yí i, yíyí náà kì í le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Sáàfù (bọ́ọ̀lù tá a kọ́kọ́ ń gbá láti bẹ̀rẹ̀) tí mo fi ń pa èèyàn láyé ọjọ́sí, àwọn ọmọ kéékèèké ní Adamásìngbà, n'Ìbàdàn, ń dá a padà bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọn ò tiẹ̀ gbà kéèyàn fi apá bo bọ́ọ̀lù mọ́ tó bá ń sáàfù. Láti 2002 ni wọ́n ti fòfin dè é, èmi ò sì gbọ́!

Torí náà, bọ́ọ̀lù ni mo wò kí n tó ra bátì. Ọmọ tó ń tà á ní kí n mú igi tó ní kábọ̀nù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó le, nínú. Òfin ní tá a bá wọn bí igi bátì ṣe nípọn tó, ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ igi gidi. Inú ìyókù ni wọ́n ń fi kábọ̀nù sí kí bọ́ọ̀lù lè fò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì débi tí bọ́ọ̀lù wà, kí ló fẹ́ fi fífò ṣe? Igi lásán, onípele márùn-ún tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ni mo mú. Mo lẹ rọ́bà Yasaka Mark V mọ́ ọn lójú méjèèjì, fóòmù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.0 níwájú ọwọ́, 1.8 ní ẹ̀yìn ọwọ́. Àtijọ́ ni rọ́bà yẹn, àmọ́ ó ṣì wà lọ́jà, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Bódìjà:
Bọ̀dá mi, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù lèmi fẹ́ sọ. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, kéèyàn tó gbá ayò á ti ṣí rọ́bà, á kun gọ́ọ̀mù tuntun, fóòmù á wú, bátì á wá máa dún kọ́ọ́, kọ́ọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó fún orí fífọ́. Wọ́n fòfin de irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní 2008. Olómi ni ti ìsinsìnyí, funfun bíi wàrà, ẹ sì ní láti mú sùúrù kó gbẹ títí tí kò fi ní funfun mọ́ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Agbára tí gọ́ọ̀mù ń fún rọ́bà wá di ohun tí wọ́n ń ṣe sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ọdún 2008 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Butterfly gbé rọ́bà Tenergy jáde. Ọmọ mi tó wà ní Jámánì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Rọ́bà gidi ni, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ kàn fi bátì kan bọ́ọ̀lù lásán, ó ti jáde lórí tábìlì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń lò ó báyìí.

Ẹni tí mo máa ń ronú kàn ni Segun Toriola, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀meje ló lọ sí Olympics, láti 1992 títí dé 2016. Ó fi bọ́ọ̀lù 38 bẹ̀rẹ̀, ó fi ike parí. Gbogbo àyípadà tá a ń ráhùn sí yìí, orí tábìlì ni wọ́n bá a. Àwa tá a jókòó sílé la wá ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Alábátì Ìyágankú:
Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, mo kí yín o. Èmi ni mò ń bá àwọn èèyàn lẹ bátì. Bàbá kan gbé bátì àtijọ́ wá tó pupa lójú méjèèjì, wọ́n fẹ́ fi gbá ìdíje àwọn àgbà. Adarí eré ò gbà. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ojú bátì méjèèjì ò ti gbọdọ̀ jọra mọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúdú. Èkejì lè pupa, láti 2021 ó sì tún lè jẹ́ búlúù, àwọ̀ ewéko tàbí àwọ̀ mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ díje, ẹ wo ìdí rọ́bà níbi ìmú bátì, kẹ́ ẹ rí àmì ITTF, àjọ tẹ́nìsì orí tábìlì lágbàáyé, níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lóòótọ́, gbogbo ẹni tó bá ti rí Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wọ ẹni mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Olympics Rio 2016, bátì tó yára ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹsẹ̀ Quadri ná. Ṣùgbọ́n Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ má tíì kọ kábọ̀nù pátápátá. Àwọn kan wà tí kábọ̀nù wọn fara ti igi àárín, tí kò sún mọ́ ìta. Tẹ́ ẹ bá rọra gbá bọ́ọ̀lù, bí igi lásán ló rí lọ́wọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá nà án gan-an ló tó jí. Ẹni tí èjìká ń dùn máa gbádùn rẹ̀.

Ohun kan tún kù: ẹ má fi bátì sílẹ̀ sínú búùtù mọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru ń pa fóòmù ju gbígbá lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ nu eruku ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó.

Ará Mọ́kọ́lá:
O ṣeun, ọmọ mi. Mú èyí tí kábọ̀nù rẹ̀ wà láàárín yẹn dání ní Sátidé, kí n fi gbá díẹ̀. Mi ò ní mo fẹ́ rà á o.