Ẹ gbà mí o, gbàgede wa orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí mọ́ láti àárọ̀

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa sáìtì kó dá mi lóhùn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti wọ gbàgede wa, ìpolówó bàtà àti tẹ́tẹ́ ni mò ń bá níbẹ̀. Ọdún 11 ni àwa ìyá ọlọ́mọ ti ń kọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣe é ní 2014 ló forúkọ .com náà sílẹ̀, orúkọ tiẹ̀ àti ímeèlì tiẹ̀ ló wà níbẹ̀. £12 lọ́dún ni, mo sì máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Mo pè é títí, kò gbé fóònù. Àyà mi ń já.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìpolówó yẹn ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀ tí owó bá ti tán. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ .com sílẹ̀ lè fún èèyàn láyè tó ọjọ́ 45, àwọn mìíràn kì í fúnni tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 tún wà tí ẹ lè fi rà á padà, àmọ́ owó ibẹ̀ máa ń ga. Ó wá ku ọjọ́ 5, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí: ẹlòmíràn mú tèmi, $900 ló bèèrè, mo sì san án. Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ sáìtì yín, ẹ wo ọjọ́ tó parí àti ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ pè wọ́n lónìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin
Ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní 2019 mo gbé gbàgede ìdílé wa láti orí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé, lọ sórí òmíràn. Ẹ̀dà wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀, mo pa sáfà àtijọ́. Nígbà tí mo ṣí tuntun, “???un Ò?ogbo” ni mo kọ́kọ́ rí. latin1, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tí kò mọ lẹ́tà Yorùbá tán, ni mo fi gbé e wọlé dípò utf8mb4 tó mọ̀ wọ́n, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. Oríkì ìyá màmá mi wà níbẹ̀, àbúrò wọn ló kọ ọ́ kó tó papò dà. Mo ń fọwọ́ tún un kọ ní lẹ́tà-lẹ́tà. “?k??” kan wà ní ìlà kẹrin tí mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ọkọ́ ni àbí ọkọ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Àǹtí Manchester
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó dùn mí fún ọ gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Ìyá Ìbejì. Ta ló ń kọ́lé tó ń fi orúkọ bíríkìlà sórí ìwé ilẹ̀? Olè ni ọmọkùnrin yẹn.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Àǹtí, oyún ìbejì wà nínú mi nígbà yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ yẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é lólè.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Kì í ṣe olè. Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Tó bá gbé fóònù, kó fún yín ní auth code, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń gbé orúkọ sáìtì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ gbà á sórí orúkọ ara yín.

Àǹtí Manchester
Orúkọ ara rẹ̀ kẹ̀? Orúkọ ẹgbẹ́ ni! Tí Ìyá Ìbejì náà ò bá sí nílé ńkọ́? Ímeèlì ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta mọ password. Tó bá sì tún ṣí, ẹ má gbàgbé òfin 2023 ti ìjọba UK níbí lórí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kẹta 2025 ló ti kan gbàgede kéékèèké náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ àyẹ̀wò ewu sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ẹni mẹ́ta! Ọjọ́ tí wọ́n bá jà, ta ni yóò mójú tó o?

Alàgbà Toronto
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí Nairaland, gbàgede ńlá àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà 2014 wọ́n já wọ ibẹ̀, wọ́n nu gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà oṣù kìíní tó wà níbòmíràn ni wọ́n fi gbé e dìde. Bí ẹ̀dà bá wà níbòmíràn, orúkọ ṣeé rà tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin
Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Nígbà tí mo tún tiwa ṣí, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí èèyàn, fẹ́ bò wá mọ́lẹ̀. Mo wá fi ìbéèrè sẹ́nu ọ̀nà: “Kí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn?” Wọ́n dín kù lọ́jọ́ kejì.

Àǹtí Manchester
Kí ni ìdáhùn tó o gbà? Dòdò ni o.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Búrẹ́dì Agége! Dòdò kẹ̀? Ìyẹn ni Manchester ò fi lè ṣe àríyá tó dùn. Ní Houston, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú ààrò ni a ń rà á.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sí Rye Lane ní Peckham níbí, ẹ óò gbàgbé Houston. Ilé-iṣẹ́ náà ti dá mi lóhùn: ìwé ìdánimọ̀ tó bá orúkọ tó wà níbẹ̀ mu ni wọ́n fẹ́. Fóònù rẹ̀ ṣì ń dún lásán.

Alàgbà Toronto
Búrẹ́dì tí ẹ̀ ń rà yẹn, ṣé ó máa ń gbóná débi tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í fi ń làágùn? Ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi á rán mi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo máa ń gbé e mọ́ àyà wá sílé nítorí ọyẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin
Bàbá, ẹ ti mú kí n pe ilé.