Ọ̀nà oko tí àwọn ará ìgboro fẹ́ máa fi ṣeré ìdárayá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni mí, mo tún jẹ́ káńsẹ́lọ̀ ní Akínyẹlé níbí. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti ìgboro Ìbàdàn kọ̀wé sí wa pé kí a fẹ ọ̀nà oko tó já sódò, kí àwọn lè máa rìn, kí àwọn máa sáré níbẹ̀. Ó wù mí, wọ́n á máa ra àgbàdo lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdílé mẹ́rin ni ọ̀nà yẹn gbà kọjá, mọ́gàjí (olórí ìdílé) méjì sì ti yarí kanlẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n sáré gba orí àpáta tí àwọn obìnrin sá láfún sí. Ipa bàtà hàn lórí ẹ̀ ketekete. Ta ló máa ra ìyẹn? Ọ̀nà náà tún gba ẹ̀gbẹ́ oko tèmi. Kí ni kí n ṣe tí n kò fi ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Ìyá Ìbejì, Lálúpọn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Kò sẹ́ni tó ń dí ọ̀nà oko, àwọn baba wa ò dí i mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sóko mọ ibi tí kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀. Owó láfún àwọn obìnrin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó pe ìpàdé kankan.

Lọ́yà Àgbẹ̀: Òótọ́ ni pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978, abala 6, fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti lo ilẹ̀ ìgbèríko fún ànfààní ìlú. Abala yẹn náà ló ní kí wọ́n sanwó ohun tí èèyàn gbìn tàbí kọ́ sórí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dé bẹ̀. Ẹ má fẹ ọ̀nà rárá, torí ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ máa wú. Ìyọ̀ǹda ni kí ẹ tọrọ, kó wà nínú ìwé: ẹsẹ̀ nìkan, kò sí ọ̀kadà, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìdílé, wọ́n sì lè gba ìyọ̀ǹda wọn padà. Kí àwọn àgbà ìdílé bá mọ́gàjí fọwọ́ sí i. Ní ti oko yín, ẹ sọ ọ́ síta ní káńsù, kí ẹ má sì dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Asáré Bódìjà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ọ̀nà ìrìn wà nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí yín, èèyàn ń rìn, igbó ṣì wà. Ẹ bá wa kun òkúta lọ́dà ká lè mọ ibi tí a máa gbà. A ó dáwó láfún.

Káńsẹ́lọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń lọ bá Baálẹ̀ lọ́la. Lọ́yà, àgbà ìdílé kan wà l'Ékòó ńkọ́?

Lọ́yà Àgbẹ̀: Ẹ pè é kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Tí kò bá lè wá, kó rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà.