PRKAA1 ti wálẹ̀, síbẹ̀ ìlà 62 kDa ò lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ AMPK, enzyme tó ń ṣọ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, dunjú. Jíìnì PRKAA1 ni mo fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ nínú HEK293, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ ní láàbù. Òun ló ń fúnni ní α1, apá tó ń ṣe iṣẹ́ kinase (fífi phosphate sí prótéènì mìíràn) gan-an lára AMPK. Mo lo siRNA (RNA kékeré tó ń ba mRNA jíìnì jẹ́) 20 nM fún wákàtí 72. qPCR, tó ń wọn mRNA, fi hàn pé mRNA ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20%, ṣùgbọ́n lórí Western blot, tó ń fi prótéènì fúnra rẹ̀ hàn, ìlà 62 kDa (ti α) kàn fi ìdajì dín ni. Tí mo bá da AICAR (oògùn tó ń jí AMPK) 1 mM sí i fún wákàtí kan, phospho-ACC Ser79 (àmì pé AMPK ń ṣiṣẹ́) ṣì ń tàn yòò bíi ti sẹ́ẹ̀lì tí n kò fún ní siRNA.

Mo gbé siRNA dé 50 nM: sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìlà ò yí padà. siRNA kejì, tó dojú kọ ibòmíì lára mRNA náà, ibì kan náà ló já sí. Mo ti fi BSA 5% rọ́pò wàrà láti dí blot. NaF 50 mM, tí kì í jẹ́ kí phosphate bọ́ kúrò, wà nínú lysis buffer (omi tó ń tú sẹ́ẹ̀lì), orí yìnyín ni mo sì ti ń dà á lé sẹ́ẹ̀lì ní tààrà láìlo trypsin (enzyme tó ń ká sẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwo), torí téèyàn bá falẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti jí AMPK.

α2 tí PRKAA2 ń ṣe ni mo fura sí, nítorí àǹtíbọ́dì mi ń mú méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì HeLa ò lè ràn mí lọ́wọ́. Kò ní LKB1, enzyme tó ń fi phosphate sí Thr172 lára α láti jí AMPK.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe: kí n pa PRKAA1 àti PRKAA2 pọ̀, àbí kí n tún siRNA fún wọn ní wákàtí 48, kí n wá kórè ní 96?