Bátìrì káráfáànù wa kú lóru ọjọ́ kejì níbi tí kò sí iná: kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ní ọdún tó kọjá ni èmi àti ìyàwó mi ra káráfáànù àlòkù kan, ilé kékeré onítáyà tí à ń fi mọ́tò fà, kí àwọn ìbejì lè máa rí ìgbèríko. Níbi tí iná bá wà, a kì í ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi iléèwé ti oṣù Kẹwàá, a lọ sí oko àgbẹ̀ kan nítòsí Keswick ní Lake District, níbi tí kò ti sí ju ẹ̀rọ omi kan lọ, a sì pinnu láti sun oru mẹ́rin. Oru kejì kò tíì parí tí fáànù tó ń fẹ́ ooru gáàsì káàkiri inú ilé fi rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi ń kérora bí ẹni tí ebi ń pa, omi tó sì ń jáde kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ.

Bátìrì olójé ni, 110 Ah (áńpìá lọ́nà iye wákàtí tí à ń lò ó), kò sì tíì pé ọdún méjì. Mo tan ẹ́ńjìnnì mọ́tò sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko kí ó lè fún un ní iná, títí aládùúgbò wa nínú oko náà fi wá bẹ̀ mí pé kí n pa á. Nígbà tí mo wo mítà ara ògiri, láti 11.9 fóltì ó kàn gòkè dé 12.1 ni. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ni kí n rà ni, àbí sólà, àbí bátìrì kejì? Ẹni tó rò pé òun ti fi òkùnkùn sílẹ̀ n'Íbàdàn ló tún ń fi tọ́ọ̀ṣì wá bàtà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Rewáyà Mọ́kọ́lá, Birmingham

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrìnàjò. Iṣẹ́ rewáyà ni mo ṣe ní Mọ́kọ́lá kí n tó dé ìlú yìí, mo sì ti ń fa káráfáànù fún ọdún mẹ́jọ. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye tó wà nínú àpò yín, ká sì wo bí ẹ ṣe ń ná an.

Ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì olójé kọ́ ni a ń ná. Ìdajì ni, nítorí bí ó bá ń lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, tí a sì fi í sílẹ̀ láìfún un ní iná, èèpá kan máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn awẹ́ òjé inú rẹ̀ tí kì í ṣí mọ́. Nítorí náà, nínú 110 yẹn, 55 ni tiyín. Ní báyìí, tẹlifíṣọ̀n kékeré máa ń jẹ nǹkan bí áńpìá mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá wò ó fún wákàtí mẹ́rin, 12 ti lọ. Fáànù ooru tó ṣiṣẹ́ láti alẹ́ dàárọ̀ tún jẹ 12. Ẹ fi 7 kún un fún àwọn gílóòbù, 6 fún fóònù gbogbo ilé, 2 fún ẹ̀rọ omi, àti nǹkan bí 5 fún àwọn iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí kì í kú tọ̀sán tòru. 44 rèé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò yà mí lẹ́nu pé oru kejì ni ó kú. Bí ó bá dé oru kẹta ni ì bá yà mí lẹ́nu.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tí ẹ tàn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé ni alternator wọn, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná, máa ń dín agbára rẹ̀ kù kí epo má baà ṣòfò, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì olójé ń fẹ́ nǹkan bí 14.4 fóltì kí ó tó lè kún dáadáa. Wáyà tó ti iwájú mọ́tò wá dé káráfáànù tún gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà díẹ̀ náà ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ tún wò ó bóyá orí iná mọ́tò ni fíríìjì yín wà lákòókò yẹn, torí ó lè gba áńpìá mẹ́wàá òun nìkan. Orí gáàsì ló yẹ kí ó wà bí ẹ bá ti gúnlẹ̀. Pàápàá 12.1 tí ẹ rí yẹn, irọ́ ni: bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí mélòó kan kí mítà tó lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìsinmi, 12.7 ni kíkún, 12.2 ni ìdajì.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Bristol

Ọ̀rọ̀ Rewáyà péye. Sólà ni tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú oòrùn ilé wa wò ó. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, bí oòrùn Ìbàdàn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí èèyàn lọ́sàn-án, ti Keswick kì í gòkè ju ìwọ̀n 23 lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó máa ń rá gba. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ orí òrùlé kò lè gbà tó ìdajì ohun tí èyí tó kọjú sí i ń gbà. Ti 100 wáàtì tó wà lórí òrùlé wa ń fún wa ní nǹkan bí 30 Ah lójúmọ́ nínú oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹwàá, mi ò rí ju 8 sí 10 lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ra alágbèéká, èyí tí mo lè gbé sílẹ̀ kí ó kọjú sí gúúsù, tí mo sì ń yí bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹ ṣọ́ òjìji o: ẹ̀ka igi kan tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì lè pa èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ibùdó ni kì í gbà á, gáàsì olóró tí kò ní òórùn nínú èéfín rẹ̀ sì lè pa gbogbo ilé mọ́ ojú oorun bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ àgọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Milton Keynes

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ló dé tí a ṣì ń ru òjé káàkiri? Mo ti fi lítíọ́ọ̀mù 100 Ah rọ́pò tèmi. Mo lè ná 80 nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àtijọ́. Ìyàwó mi ń fi ínfátà se omi tíì lórí rẹ̀.

Rewáyà Mọ́kọ́lá, Birmingham

Àbúrò, lítíọ́ọ̀mù dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí òtútù bá ti sọ inú rẹ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n 0 Celsius lọ, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì nínú káráfáànù àtijọ́ sì lè má bá a mu. Ní ti omi tíì, kẹ́tùlù 2,000 wáàtì lórí 12 fóltì ju áńpìá 160 lọ. Bátìrì olójé Bàbá Ìbejì yóò kúnlẹ̀. Gáàsì wà níbẹ̀, ẹ fi se omi. Bí owó bá wà, ẹ̀rọ DC-DC ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tó máa ń gbé iná mọ́tò sókè dé ibi tí bátìrì ń fẹ́. Bí ó bá ń gbé áńpìá 15 wọlé, ìrìnàjò wákàtí méjì ti fún yín ní 30 kí ẹ tó dé oko.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, lórí iná mọ́tò ni fíríìjì náà wà lóòótọ́, ojú sì tì mí. Mo fi iná ilé sí bátìrì fún ọjọ́ kan gbáko, mo jẹ́ kó sinmi, ó sì dúró sí 12.7. Lálẹ́ àná mo tan fáànù nìkan láti agogo mẹ́wàá di mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tó tún sinmi tán, 12.6 ni mo bá. Bátìrì kò tíì bàjẹ́, ìnákúnàá ni. Pánẹ́ẹ̀lì alágbèéká ni mo máa rà, àwọn ìbejì sì ti gbà pé kí wíwo tẹlifíṣọ̀n jẹ́ wákàtí kan lálẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kẹ́hìndé ṣì ń bá mi dúnàá-dúrà pé kí ó jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀.