Fáníìṣì wo ló yẹ àwọn ère akọni tí a ó máa fọwọ́ gbé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kun àwọn akọni oníke inú ayò orí pátákó kan tí gbogbo àwọn tó ń ta á ti máa ń pawọ́ pọ̀ bá ọ̀tá jà. Gíga wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 32 lọ. Mo ti fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn wọ́n, mo sì ti fi ọ̀dà akírílíìkì tí mo fi omi là tẹ̀ lé e. Fáníìṣì ló kù, nítorí pé ọwọ́ púpọ̀ ni yóò máa gbé wọn, etí idà ni ọ̀dà sì máa ń kọ́kọ́ bó.

Mo dán èyí tó ń dán wò lára ère ọ̀tá kan: ó le dáadáa, ṣùgbọ́n ojú àti aṣọ rẹ̀ ń kọ mànà bí ohun tí omi dà sí. Èyí tí kì í dán mú kí aṣọ rẹwà, àmọ́ ó pa dídán ẹ̀wù irin, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ lára ajagun wa. Mo wá ń rò ó pé kí n kọ́kọ́ kun èyí tó ń dán, kí n fi èyí tí kì í dán bò ó, kí n sì tún fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dá dídán irin nìkan padà.

Ṣé ìpele mẹ́ta yìí kò ní nípọn débi tí yóò fi bo ìlà ojú wọn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ó fèsì.