Ẹyẹ tí mo fi ìkánjú pàdánù nínú Igbó Ọ̀ṣun, àti èyí tí mi ò tíì sọ lórúkọ létí òkun

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ìrírí ẹyẹ wíwò tí ẹ̀ ń kọ sínú ẹgbẹ́ wa yìí bọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, orí mi sì ń wú, pàápàá ti ẹni tó rí agbè méjì lórí ìrókò lọ́nà Ìlá. Ó tó kí èmi náà sọ tèmi. Òṣogbo ló ti bẹ̀rẹ̀, etí òkun ló já sí, ṣùgbọ́n omi kan náà ló so ibi méjèèjì pọ̀.

Aláró ni mí. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí náà àwọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí lára nǹkan kí n tó rí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì nígbà náà ló fà mí wọnú ẹyẹ wíwò, ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ báyìí. Ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wálé lásìkò ìsinmi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo lékeléke yẹn." Lékeléke tí mo ti ń kọrin sí láti kékeré pé kó fún mi léèékánná funfun! Mo gbé awò sójú, mo rí i pé àtàrí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ìgbà tí epo bá ta sí aṣọ àlà. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń dà nìyẹn tí àsìkò àtiyé ẹyin bá tó. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi sí ara mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè kọjá lára ẹyẹ kí n má dúró.

Igbó Ọ̀ṣun ni mo fi ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í gégi. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó ti Austria wá, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jìjàdù lórí igbó yẹn títí ó fi papò dà ní 2009, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Ohun tí èmi ń rí jẹ nínú gbogbo èyí ni igi ńlá etí odò, àwọn tí ẹ̀ka wọn tẹ̀ wálẹ̀ títí tí ewé wọn fi ń fẹnu kan omi. Irú abẹ́ ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ tí mo fẹ́ sọ ń gbé. Níbi tí wọ́n bá ti ṣá etí odò mọ́lẹ̀ fi gbin ẹ̀fọ́, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbẹ̀.

Oṣù kejì ni, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí omi fà, aago méje ti lé díẹ̀ láàárọ̀. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, àwọn ọ̀bọ ń jù kiri lókè orí mi. Nǹkan kan yọ lábẹ́ ẹ̀ka ní òdìkejì odò. Ó ń wẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara rẹ̀ rì sómi débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, orí rẹ̀ sì ń lọ síwájú sẹ́yìn bíi ti adìẹ tó ń rìn. Ọkàn mi kọ́kọ́ sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ni. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ti yí i padà sí cormorant, ẹyẹ omi dúdú tó máa ń rì sómi wá ẹja, nítorí mo ti rí cormorant dáadáa ní ìsédò Ẹ̀rìnlẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ. Mo yọ fóònù, mo kọ ọ́ sílẹ̀: cormorant, ẹyọ kan. Mo sì gbé ojú kúrò.

Nígbà tí mo tún wò ó, ó ti gun orí ìtì igi kan, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pọ́n bí ata rodo tó ń pọ́n bọ̀ tí kò tíì pọ́n tán. Mo rí i o, ojú mi ló rí i, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti sọ ọ́ lórúkọ, ọkàn mi ò gba ohun tí ojú rí. Ó rọra yọ́ padà sínú omi, ó sì wọ abẹ́ ẹ̀ka lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ròyìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó bi mí pé kí ni àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó pọ́n. Ó dákẹ́. "Àǹtí, ẹsẹ̀ cormorant, dúdú ni. Àgógó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìlà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀? Ìrù rẹ̀, ṣé ó tẹ́ sórí omi?" Mi ò lè dáhùn ẹyọ kan. Èmi tí mo lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí n sọ fún oníbàárà pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni aṣọ yìí wọ aró, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin, mi ò lè sọ àwọ̀ ọrùn ẹyẹ tó wà níwájú mi fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo padà lọ kí n tó tún rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé àti bírò ni mo mú lọ, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé mi ò ní kọ orúkọ kankan títí máa fi délé. Mo kọ ọ́ báyìí: àgógó àti ẹsẹ̀ pupa bí ọsàn tó gbó, ọrùn àwọ̀ aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan péré tí a sì yọ kíá, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn ojú sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀yìn àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n wọ́n àmì funfun sí tótòtó, ìrù le gbandi, ó tẹ́ sórí omi, kò na ìyẹ́ sóòrùn rárá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí cormorant bá ti jáde lómi, yóò na ìyẹ́ bí ẹni tó sá aṣọ. Ẹnì kan bú ẹ̀rín lórí afárá, ẹyẹ náà gbéra, kò fò, ńṣe ló ń sáré lórí omi, pata-pata-pata, ó fi ẹsẹ̀ pupa yẹn ta omi káàkiri títí ó fi bọ́ sábẹ́ igi mìíràn.

African finfoot ni. Irú mẹ́ta péré ló wà nínú ìdílé wọn ní gbogbo àgbáyé, ọ̀kan ní Éṣíà, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tiwa yìí ní Áfíríkà. Awọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò so ìka pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, awẹ́ awẹ́ ló yí ìka kọ̀ọ̀kan ká. Mo sunkún ayọ̀ lórí gbòǹgbò yẹn, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé mi ò tíì rí i mọ́ láti ìgbà tí àwọn awagóòlù òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ojú ni ẹyẹ yẹn fi ń wá oúnjẹ. Mo ṣì ń lọ. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Arákùnrin tó kọ̀wé pé òun rí Ibadan malimbe lẹ́yìn ilé wọn, mi ò ní kí ẹ dákẹ́ o. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí nìkan ni ẹ̀ga yẹn ń gbé láyé, 1958 ni wọ́n sì tó kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀, nítorí náà bó bá jẹ́ òun, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ẹ̀ga dúdú olórí pupa ju irú kan lọ nínú igbó wa. Ibo gan-an ni pupa yẹn parí sí láyà? Ìdí rẹ̀ ńkọ́, ṣé pupa wà níbẹ̀? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí kí orúkọ tó dé.

Ó kù ti etí òkun. Odò Ọ̀ṣun yìí, Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó sì lọ já sínú ọ̀sà Lẹ́kkí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wù mí kí n rí ibi tí omi wa ń sùn sí. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ará Ẹ̀pẹ́, apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo gbé adìrẹ lọ fún oníbàárà kan lọ́hùn-ún, àná mi sì fi ọ̀kadà gbé mi dé etí òkun ní apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí.

Àwọn ẹyẹ tí òyìnbó ń pè ní tern kún ibẹ̀. Àwọn ńlá ẹlẹ́nu ọsàn wà, àwọn kan wà tí àgógó wọn dúdú, tó wá dà bíi pé wọ́n ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ìyeyè. Sandwich tern ni wọ́n ń pe ìyẹn, kò sì nira láti mọ̀. Ẹyẹ kékeré kan ló dá mi dúró, kò ju àdàbà lọ. Yóò so rọ̀ lójú kan lójú ọ̀run, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, yóò sì já lulẹ̀ bí òkò. Àná mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú èyí la máa ń tẹ̀ lé. Ibi tó bá já sí, ẹja wà lábẹ́ ẹ̀." Fún èmi, dúdú orí rẹ̀ ni mò ń wò. Ó sọ̀kalẹ̀ wá kan ìdí àgógó, kò sí funfun níwájú orí. Àgógó náà dúdú pátápátá, ó sì dà bíi pé ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò pe orúkọ. Fọ́tò tí mo fi fóònù yà, àmì funfun kan lásán ló jáde.

Mo fi àkọsílẹ̀ mi ránṣẹ́ sí àgbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Damara tern. Namibia ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń yé ẹyin, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò bá sì yé ẹyin mọ́, wọ́n á gba etí òkun wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tó jọ ọ́ jù ni Little tern, òun kì í ṣaláìní funfun níwájú orí. Ayọ̀ ti ń gbé mi. Ó wá bi mí pé, "Ìyá, níbo ni oòrùn wà?"

Mo ronú. Òkun wà níwájú mi, ọjọ́ ti rọ̀, oòrùn ń wọ̀ lápá ọ̀tún mi, apá ibẹ̀ gan-an sì ni ẹyẹ náà wà. Ó ní bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, iwájú orí funfun lè dúdú lójú ẹni, àgógó náà lè dúdú. Ká fi í sílẹ̀ láìlórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí kò sí aláró tó máa fi ẹ̀yìn aṣọ kọ oòrùn kó tó dá àwọ̀ rẹ̀ mọ̀. Lórí BirdLasser, áàpù orí fóònù tí mo fi ń kó orúkọ ẹyẹ jọ fún Nigerian Bird Atlas Project, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, tí a ti ń wo ẹyẹ fún wákàtí méjì ó kéré tán lórí ilẹ̀ kan náà, mi ò fi ẹyẹ yẹn kún ti ọjọ́ náà. Inú ìwé mi nìkan ló wà, àyè orúkọ rẹ̀ ṣófo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àná mi pè mí láti etí òkun, ìjì ń fẹ́ wọnú fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan tún wà níbí. Oòrùn wà lẹ́yìn mi o, mo ti yí padà. Ṣé kí n sọ ohun tó jẹ́?" Mo ní kó má tíì sọ, kó kọ́kọ́ sọ àwọ̀ iwájú orí rẹ̀ fún mi, mo sì na ọwọ́ mú bírò.